Ọwọ́ àti Ikùn Àǹtí Sítáàṣì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Àǹtí Sítáàṣì jẹ́, kí onítọ̀hún gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ rẹ̀, kó sì ní ọ̀la lòun fẹ́ gbà á. Kò ní kọ́kọ́ dá a lóhùn. Yóò yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà sódì, yóò wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo etí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀, yóò wá béèrè pé, "Ta ló fọ èyí kẹ́yìn?" Ẹni tó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fa òwú kan yọ lára àwọn òwú tó gbé kọ́ sí ara ògiri, yóò fi abẹ́rẹ́ gán an mọ́ inú kọ́là, ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, oníbàárà yẹn ti di olówùú gíríìnì tàbí olówùú búlúù, aṣọ rẹ̀ ò sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ láéláé.

Bàbá rẹ̀ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ló sì dá òwú náà sílẹ̀. Bàbá ò gba orúkọ gbọ́. Ó ní orúkọ máa ń jọra, yíǹkì máa ń ṣí nínú omi, àmọ́ àwọ̀ ò ní parọ́ fún èèyàn. Àwọ̀ kan, oníbàárà kan. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n bí Àǹtí Sítáàṣì sí. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka aago ló ti mọ olówùú pupa yàtọ̀ sí olówùú àwọ̀ ọsàn, kó sì tó gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti mú débi pé ó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kó sọ ẹni tó ni aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Iyàrá iwájú ni káńtà wà, pẹ̀lú irin gbọọrọ kan tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sí, àti àga onígi tí Bàbá máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa kí àwọn tó ń wọlé, tí yóò sì máa bá àwọn tí kò kí òun jà. Iyàrá ẹ̀yìn ni tábìlì ìlọṣọ wà, tí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti bẹ́dìṣíìtì funfun bò mọ́lẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú iyàrá náà, Bàbá ló sì ṣe é: oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Búrẹ́dì ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, ọsàn ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, tíì pàápàá ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ẹni tó ń lọ aṣọ funfun ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan títí aṣọ ìkẹyìn yóò fi gun hángà, torí ọwọ́ tó bá kan epo, aṣọ ló máa sọ ọ́ fáyé gbọ́. Bí Bàbá ṣe ṣe é nìyẹn, bí ọmọ rẹ̀ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé ọ̀sán á ti pọ́n kí nǹkan tó kan ọ̀fun rẹ̀.

Ìka ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ṣeé ká. Oríkèé ìka rẹ̀ wú, ó gbóná, ó ń dán. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ìyálẹ̀ta ó dẹ̀, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ọ̀la ẹ̀, bákan náà. Ọ̀túnla ẹ̀, bákan náà. Bàbá ní iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù ò ṣe òun bẹ́ẹ̀ rí, àfi orúnkún nìkan. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ oníná, tó ń so wáyà kiri ilé onílé, ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ní, "Wọ bàtà ẹ, a ń lọ sí ọsibítù."

Dókítà ibẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á. Ó ní àìsàn oríkèé ni: àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, ló ṣìnà, tí wọ́n wá dojú ìjà kọ oríkèé ẹni tó ni wọ́n. Ó fún un ní oògùn yẹ́lò kan tó ń mú ìrora àti wíwú lọ, ó ní kó máa jẹun kó tó lò ó, kó sì padà wá láìpẹ́, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gan-an.

Oògùn yẹ́lò náà dára. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó dára gan-an ni. Ọwọ́ tó ti kákò nà, áyọ́ọ̀nù padà sí àtẹ́lẹwọ́, Àǹtí Sítáàṣì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníbàárà jà bó ṣe yẹ. Ta ló wá ń padà sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí ara bá ti yá? Kò padà. Nígbà tí oògùn tán, ó mú páálí rẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì igun òpópónà, oníkẹ́míìsì wo páálí, ó fún un ní òmíràn, ọ̀rọ̀ parí. Ní ti oúnjẹ tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ jẹ, ẹ gbọ́, àárọ̀ kùtùkùtù lọwọ́ máa ń le. Àárọ̀ kùtùkùtù náà ló ń lo oògùn, omi lásán ló sì fi ń gbé e mì, kó lè yára dé ìdí tábìlì. Bó bá sì ti dé ìdí tábìlì, òfin Bàbá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, yẹ́lò ò tó mọ́. Bí aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì bá ti dé lọ́pọ̀ yanturu, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lọ́sàn-án. Bàbá á máa wò ó látorí àga rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣìkẹ́ ọmọ lẹ́nu, tiẹ̀ ni kó máa ráhùn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú hóró oògùn píńkì kan jáde.

"Gba èyí. Ti orúnkún mi ni. Ó máa ń ṣe mí dáadáa."

"Bàbá, mo ti lo tèmi láàárọ̀."

"Ìyẹn ò kan èyí. Ti ẹ yẹ́lò, tèmi píńkì. Gbà á."

Ó gbà á. Ẹlòmíràn ì bá yí ẹ̀yìn páálí wò, kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àǹtí Sítáàṣì mọ̀wé, ó lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi àwọ̀ dá nǹkan mọ̀ láti kékeré, tí kò ṣì í rí, kí ni yóò tún máa kà? Yẹ́lò jẹ́ ti ìka, píńkì jẹ́ ti orúnkún. Ẹni tó ni wọ́n yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ ti jọ ń pín oògùn píńkì jẹ lọ́sàn-án bí ẹni ń pín ẹ̀pà, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n jọ ń pín tí kò dìjà.

Àárẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà níwájú ilé wọn, àmọ́ bó bá ti gùn ún, yóò dúró, yóò di ilẹ̀kùn mú, yóò máa mí bí ẹni tó sáré. Ojú rẹ̀ funfun. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, sítáàṣì ti ń wọ ẹ lára." Nígbà tó yá kò fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò kan wá, ó dúró tì í títí ó fi mu ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí, ẹ má jẹ́ kó rí yín lára. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sójú títì, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì jọ ti ìgbẹ́. Wọ́n ti sọ fún ọkọ rẹ̀ ní kẹ́míìsì pé oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kí wọ́n má fòyà. Ọkọ rẹ̀ ò fòyà. Àmọ́ Àǹtí Sítáàṣì mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ò mọ̀: ìgbẹ́ náà ti dúdú kí ìgò yẹn tó wọ ilé. Ó ti rí i, ó ti da omi sí i, ó sì ti jáde nínú ilé ìyàgbẹ́ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á gba oògùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ọwọ́ rẹ̀ á kákò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kákò, ta ni yóò dúró nídìí tábìlì? Bàbá ti darúgbó, ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ ju wáyà lọ. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa, gbogbo òwú ara ògiri á máa gbé eruku. Inú ò sì kúkú run ún. Ohun tí kò dunni, ṣé àìsàn nìyẹn? Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn láràárọ̀, tó sì ń gbé yẹ́lò mì.

Lọ́jọ́ tó ṣubú, aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì ló ń lọ̀. Ó rí i pé iyàrá ń yí, ó rò pé kóun kàn dijú díẹ̀. Bàbá wà níwájú, ó ń bá olówùú gíríìnì sọ̀rọ̀ lórí ṣòkòtò kan, ni òórùn aṣọ jíjóná bá gba ẹnu ọ̀nà jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, òórùn yẹn ò jáde níbẹ̀ rí. Bàbá dìde láìwá ọ̀pá rẹ̀. Àǹtí Sítáàṣì wà nílẹ̀, áyọ́ọ̀nù dojú dé lórí tábìlì, ìdajì aṣọ náà ti tú sílẹ̀ yíká rẹ̀. Bàbá yìí ni kò jẹ́ kí ọmọ ìyá rẹ̀ gbàgbé ẹ̀kán omi kan tó ta sára ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ó fi bàtà rin gba orí aṣọ funfun náà kọjá, ó lọ gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan.

Mọ́tò olówùú gíríìnì ló gbé wọn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó, ó sì yára lọ pe ẹnìkan wá. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba ẹnu rẹ̀ lọ sínú ikùn, wọ́n rí ọgbẹ́ níbẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n sì dá a dúró.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú oríkèé wá bá a. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó kéré sí Àǹtí Sítáàṣì lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì bí àlejò tí kò kánjú. Bàbá wà lórí àga, ọkọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú àpò oògùn tí wọ́n ní kó kó wá látilé.

"Mọ́mì, ẹ kú ìnira. Ṣé àwọn oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò nìyí?" Ó yẹ àpò náà wò. "Ìgbẹ́ yín ńkọ́, ṣé ó dúdú?"

"Ó dúdú díẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni."

"Òótọ́ ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò dúdú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"Rárá," ni Àǹtí Sítáàṣì wí. Ó wo òrùlé.

Dókítà mú oògùn yẹ́lò dání. "Èyí nìkan lẹ̀ ń lò fún ìrora? Ọgbẹ́ tá a rí yẹn ju tèyí nìkan lọ."

Bàbá wúkọ́. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú páálí píńkì jáde. "Dókítà, èmi náà máa ń fún un nínú tèmi, lọ́sàn-án. Àmọ́ kì í ṣe irú ìyẹn o. Píńkì ni tèmi. Ti orúnkún ni."

Dókítà gbà á, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi hóró yẹ́lò àti hóró píńkì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan náà.

"Bàbá, oògùn kan náà ni, sà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló yàtọ̀, ìyẹn ni àwọ̀ wọn ò ṣe bára mu."

"Yẹ́lò àti píńkì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìlọ́po méjì oògùn kan náà ni wọ́n ń lò."

Ohun tí Àǹtí Sítáàṣì rántí níbi tó dùbúlẹ̀ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ rántí ọkùnrin tó ń gbé aṣọ wá látilé, tí wọ́n tún ń bá a gbé òmíràn wá láti ọ́fíìsì? Tá a fún ní òwú méjì?"

"Ọkùnrin kan," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Òwú méjì. A rò pé èèyàn méjì ni." Ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi fún un. Lójoojúmọ́. Mo rò pé mò ń ṣàánú ẹ̀." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àgbà ọkùnrin yìí, láìfọwọ́ bojú.

Àǹtí Sítáàṣì ti fara da ọwọ́ ríro, ó ti fara da ọ̀pá nínú ọ̀fun. Èyí ni kò lè fara dà.

"Bàbá, ẹ má sunkún mọ́. Ẹjọ́ yín kọ́. Dókítà, irọ́ ni mo pa. Ó ti dúdú tipẹ́ kí n tó mu oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo rí i, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí aṣọ ìbora. "Ẹ wo ọwọ́ yìí. Òun la fi ń jẹun. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ máa gba oògùn náà."

Ọkọ rẹ̀ wá jókòó sí apá kejì bẹ́ẹ̀dì, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Dókítà náà ò bínú.

"Ó dáa tẹ́ ẹ sọ ọ́. Èèyàn púpọ̀ ni kì í sọ ọ́. Ẹ sì rò pé kò sí nǹkan torí inú ò run yín, àbí? Oògùn ìrora lẹ̀ ń lò, mà. Ó ti pa ọgbẹ́ ọ̀hún lẹ́nu mọ́." Ó tún jókòó dáadáa. "Ohun kan wà nínú ara tó ń jẹ́ kí oríkèé wú, kó máa ro èèyàn. Irú ẹ̀ kan náà ló ń bá wa ṣọ́ inú ikùn, kí omi kíkan tó ń da oúnjẹ má baà jẹ ikùn fúnra ẹ̀. Oògùn yìí ò mọ ìyàtọ̀. Bó ṣe ń dá ti oríkèé dúró, ló ń dá ti ikùn dúró. Ó lè kọjá síbẹ̀ pàápàá, kó dé ìfun."

"Tó bá jẹ́ pé mò ń jẹun kí n tó lò ó ńkọ́?"

"Á dín ìnira kù fún yín, àmọ́ oúnjẹ nìkan ò lè dáàbò bò yín. Oògùn mìíràn wà tí a máa ń fún èèyàn láti fi ṣọ́ ikùn. Ẹ máa lo ìyẹn kí ọgbẹ́ náà lè jinná. Yẹ́lò àti píńkì, ẹ gbàgbé wọn."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Mọ́mì, yẹ́lò yẹn ò wo ọwọ́ yín sàn. Ìrora ló ń lé lọ, àìsàn ọ̀hún jókòó síbẹ̀ ó ń jẹ oríkèé. A ní oògùn tó ń bá àìsàn náà fúnra ẹ̀ jà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ máa máa lò ó, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò déédéé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn nítorí ẹ̀. Àmọ́ kì í yá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tó oṣù mélòó kan. Láàárín ìgbà yẹn, ọwọ́ á dùn yín, parasitamọ́ọ̀ la ó máa fi rọra mú un. Mi ò ní tàn yín jẹ."

"Ta ló máa wá lọ aṣọ?" ni Àǹtí Sítáàṣì bi í, bí ẹni pé dókítà ló yẹ kó mọ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá wí. Ó ti nu ojú rẹ̀.

Bí Bàbá ṣe padà sídìí tábìlì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbádùn rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ìyàwó àfẹ́sọ́nà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi. Ó ń bú áyọ́ọ̀nù pé ó fúyẹ́ jù, pé èyí tòun nígbà yẹn wúwo. Àwọn oníbàárà ń wá, wọ́n ń padà, wọ́n ń tún wá. Orí àga rẹ̀ ni Àǹtí Sítáàṣì ń jókòó sí, ọwọ́ lé itan, tó ń bẹ gbogbo ayé. Kò lè kó òwú sí abẹ́rẹ́. Kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń bá a dè é kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó sì máa ń fo ọ̀kan sílẹ̀ nígbà gbogbo. "Oníná ni mí," ni yóò wí, "wáyà ni mo mọ̀ ọ́n so."

Láàárọ̀ kan, Bàbá pè é wọ iyàrá ẹ̀yìn. Búrẹ́dì àti ẹyin wà lórí tábìlì ìlọṣọ, pẹ̀lú ife tíì tó ń ru èéfín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Jókòó kó o jẹun."

"Níbí?"

"Níbí. Oògùn ikùn tó o lò nílé, ṣé afẹ́fẹ́ ló máa ṣọ́?"

"Bàbá, tó bá ta sáṣọ ńkọ́?"

"A ó tún un fọ̀. Ṣebí iṣẹ́ wa nìyẹn."

Ó jẹun, ẹyin náà sì ta sílẹ̀ lóòótọ́, Bàbá sì jágbe mọ́ ọn lóòótọ́, torí èèyàn ò lè yí padà tán lọ́jọ́ kan. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, búrẹ́dì tún wà níbẹ̀.

Oògùn tuntun náà ò yá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdúró, ìgbẹ́ rẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí, àmọ́ ìka ṣì wú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ pé bí aṣọ àwọn ò bá jáde àwọn á kó o lọ síbòmíràn, ó dìde láìsọ fún Bàbá, ó rìn lọ sí kẹ́míìsì igun òpópónà. Oníkẹ́míìsì ò tiẹ̀ bi í léèrè. Bó ṣe rí i, ó ti tọwọ́ bọ orí pẹpẹ, ó gbé páálí yẹ́lò lé káńtà.

Àǹtí Sítáàṣì wò ó. Hóró kan péré, ọwọ́ rẹ̀ á nà kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Yóò lọ gbogbo aṣọ tábìlì yẹn, òtẹ́ẹ̀lì á dákẹ́, Bàbá á sinmi. Ó fẹ́ ẹ débi pé itọ́ kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi," ló wí. "Ó ti pa mí lára. Parasitamọ́ọ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi. Bí mo bá tún padà wá béèrè eléyìí, ẹ ní ẹ ò tà."

Ó sunkún lójú ọ̀nà títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù, kò sì fi pa mọ́. Ìbànújẹ́ ló ń pa á, pẹ̀lú ìbínú sí ọwọ́ rẹ̀. Bàbá rí ojú rẹ̀, ó rí parasitamọ́ọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yé e. Ó padà sídìí tábìlì, kò bú áyọ́ọ̀nù mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìdajì aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ló jáde. Òtẹ́ẹ̀lì kó ìdajì yòókù lọ síbòmíràn, ayé ò sì parẹ́.

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà gan-an tí oògùn náà mú un. Ó kàn jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí bọ́tìnnì láàárọ̀ ọjọ́ kan bó ti máa ń ṣe, ó bá gbogbo rẹ̀ ní dídè, ọ̀kan ò fò. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á lé lọ́wọ́. Wíwú náà ò tíì tán pátápátá, àmọ́ ìka ti ń ká, ó sì ti ń nà. Ọkọ rẹ̀ pẹ́ débi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá ti wà nídìí tábìlì. Ó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ kan ti ìbàdí.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Mi ò tíì ṣe tán."

"Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù fún mi."

Bàbá yíjú sí i, kò jọ̀wọ́ áyọ́ọ̀nù náà. "Ṣé ó dá ẹ lójú? Ṣé kì í ṣe pé o ti lọ lo nǹkan kan?"

"Mi ò lo nǹkan kan. Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín."

Ó fún un lọ́wọ́ òsì. Àǹtí Sítáàṣì dì í mú, ó fún un, ó tún fún un le sí i, títí Bàbá fi ká ẹnu kò. "Ó tó," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àgbà ni." Àmọ́ kò fa ọwọ́ náà kúrò, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ áyọ́ọ̀nù.

Ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú. Láti iyàrá ẹ̀yìn, ariwo omi àti èéfín áyọ́ọ̀nù ń jáde, tó ń lọ tó ń bọ̀ láìsinmi. Olówùú búlúù wọlé, ó ní ṣé aṣọ òun ti ṣe tán.

"Ọmọ mi ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́," ni Bàbá wí.

Olówùú búlúù ní kò burú, òun á dúró. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo títì.

"Ọmọ mi," ni Bàbá tún wí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Òun ló ń lọ̀ ọ́."